Ọkọ̀ Tí Raheem Rẹ̀ Sílẹ̀

Abẹ́ ọkọ̀ ni Raheem wà lọ́jọ́ tí Mọ́júbọ́lá kọ́kọ́ rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta, epo dúdú ti bo gìgísẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1956 ni, ní ìsọ̀ mẹkáníìkì kan nítòsí ọjà Ìkàrẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Mọ́júbọ́lá wí. "Ọkọ̀ bàbá mi la gbé wá. Ó ga jù."

Raheem yọ orí síta. "Ó ga jù báwo?"

Kitikáà ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí Bàbá Ilésanmí, bàbá Mọ́júbọ́lá, fi ń kó iṣu láti Ọ̀kà, ìlú wọn, wá sí Ìkàrẹ́. Rufus, ẹ̀gbọ́n Mọ́júbọ́lá, ló ń wà á. Ẹsẹ̀ ìyá wọn wú, kò lè gbé e gun ọkọ̀ mọ́, ó sì ti di oṣù mẹ́ta tí kò ti lè wá sí Ìkàrẹ́ gba ìtọ́jú.

Raheem wo ọkọ̀, ó wo Rufus, ó wo Mọ́júbọ́lá pẹ́ díẹ̀. "Mo lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Màá yọ díẹ̀ nínú ewé sípíríǹgì rẹ̀, àwọn irin pẹlẹbẹ tó gbé e sókè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ dà bí ènìyàn. Bí a bá fọwọ́ kan eegun kan, òmíràn á ní kí ló dé."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ọkọ̀ wálẹ̀, ìyá wọn wọ̀ ọ́ láìdi ẹnikẹ́ni mú. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí táyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin tó bò ó bí Rufus bá yí kọ́nà. Wọ́n gbé e padà, Raheem tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá já sí kòtò, sitiárì á máa dá yí lọ́wọ́ Rufus. Wọ́n tún gbé e padà.

Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ń lọ sí Ìkàrẹ́ ni Mọ́júbọ́lá ń bá a lọ. Á ní òun fẹ́ ra òwú ìránṣọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Raheem ti kan àpótí kan sílẹ̀ tí Mọ́júbọ́lá yóò máa jókòó lé.

"Ìfẹ́ rẹ ti wọ̀ mí lára, Bọ́lá mi," ni Raheem wí, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. "Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ̀ ń lọ nílé yín, Alfa sì ni bàbá mi. Síbẹ̀ mo fẹ́ ọ."

"Èmi náà fẹ́ ọ. Bàbá mi ni mò ń bẹ̀rù."

Ẹ̀rù náà tọ́. Ẹnìkan ti tú àṣírí wọn, Bàbá Ilésanmí sì pe Mọ́júbọ́lá sí ìyẹ̀wù. "Bí n bá tún gbọ́ pé o bá ọmọ Alfa Badmus sọ̀rọ̀, o ò ní fẹsẹ̀ tẹ Ìkàrẹ́ mọ́."

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, Mọ́júbọ́lá yọ́ lọ sọ́dọ̀ Raheem.

"Mo ti rí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yín," ni Raheem wí. "Nígbà tí mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọ̀pá tó so sitiárì mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò dúró gbọọrọ mọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ta sókè, ọ̀pá á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti ní kí alágbẹ̀dẹ rọ òmíràn, yóò yá ní Jímọ̀. Sọ fún Rufus kó má wa ọkọ̀ yẹn gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà títí di ìgbà náà. Jọ̀ọ́, má gbàgbé."

Kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣẹ́ náà nílé, wọ́n á bi í pé níbo ló ti rí Raheem. Ó bá dákẹ́. Ọjọ́ méjì péré ló kù, ó rò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni Rufus kú. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ já sí kòtò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, sitiárì yí mọ́ ọn lọ́wọ́, ọkọ̀ sì lọ forí sọ àpáta. Iṣu tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kò tilẹ̀ dànù tán.

Mọ́júbọ́lá kò sunkún. Gbogbo ara rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé tó fi kú. Ó ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, ó ń dá àwọn tó wá kí wọn lóhùn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Bàbá Ilésanmí ránṣẹ́ pe Raheem àti bàbá rẹ̀.

"O mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn kò tíì dára?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ṣé o sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Raheem kò wo ọ̀dọ̀ Mọ́júbọ́lá. "N kò sọ, sà."

Mọ́júbọ́lá dìde. "Bàbá, ó sọ. Èmi ló rán sí Rufus. Mo bẹ̀rù yín, n kò jẹ́ iṣẹ́ náà." Ohùn rẹ̀ jáde gbẹrẹfu, bí ẹni tó ń sọ pé omi ti hó.

Ìyá rẹ̀ ló wá na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú síwájú gbogbo wọn. "Bí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ yìí, ta ni ì bá ní kí wọ́n rẹ ọkọ̀ sílẹ̀? Ẹ mú èmi náà kún un. Mo ti sin ọmọ kan, n kò lè sin èkejì láàyè. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Ìkàrẹ́ máa lọ sílé."

Bàbá Ilésanmí wọ yàrá lọ. Oṣù méje ni kò fi bá Mọ́júbọ́lá sọ̀rọ̀.

Gbogbo Jímọ̀ ni Raheem ń wá sí Ọ̀kà lẹ́yìn ìrun. Á jókòó ti ìyá náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì bi Mọ́júbọ́lá léèrè pé: "Ṣé o ṣì fẹ́ mi?"

"N kò mọ̀. N kò mọ nǹkan kan lára mọ́."

"Ó dára. Màá tún wá."

Ní Jímọ̀ kan, òjò kò jẹ́ kó wá. Mọ́júbọ́lá rí i pé òun ti ń wo ọ̀nà láti ọ̀sán. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun yóò fẹ́ ẹ. Nígbà tí ìyá sọ fún bàbá, ohun tó sọ kò ju pé, "Ẹ ṣe é bí ẹ ti fẹ́."

Ilé Alfa Badmus ni wọ́n ti so yìgì. Èrò kò pọ̀. Bàbá Ilésanmí wá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Ọ̀kà, nítorí kò tíì wọ ọkọ̀ kankan láti ìgbà tí Rufus ti kú. Ó jókòó sẹ́yìn, kò jẹun. Mọ́júbọ́lá dáhùn ohun tí wọ́n ní kó dáhùn, ọkàn rẹ̀ dákẹ́ bí ilé tí kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, bàbá rẹ̀ dìde, ó kọjú sí Raheem.

"Ṣé ọkọ̀ wà níbí tí ìwọ fúnra rẹ tún ṣe?"

"Ó wà, sà."

"Gbé mi délé."

Raheem kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ mì í wò, kó tó ṣílẹ̀kùn. Bàbá Ilésanmí jókòó síwájú, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ilẹ̀kùn dé. "Rọra wà á," ló wí.

Mọ́júbọ́lá dúró síta títí eruku fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ ilé ìdáná, níbi tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń kó ìkòkò.

"Ìyá, ṣé oúnjẹ ṣẹ́ kù? Ebi ń pa mí."

Láti ìgbà tí Rufus ti kú, kò béèrè oúnjẹ rí; kìkì èyí tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń jẹ. Ìyá náà bu oúnjẹ fún un. Níbi tó ti ń jẹ ẹ́ ni omijé ti ń kán sínú àwo, kò sì dúró nu ún. Ó ń sunkún, ó sì ń jẹun lọ.