Ìjókòó Méjìlá fún Màmá Àjíbíkẹ́

Ẹ̀rọ tí Oyèníran fi ọdún mẹ́fà kàn ba iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà.

Ìlú Òkè-Sánmọ̀ ni wọ́n ń gbé, ìlú onírin tó ń yí ayé po. Wọ́n ní oúnjẹ níbẹ̀, wọ́n ní omi, wọ́n tilẹ̀ ní oko ẹ̀fọ́. Ohun tí wọn ò ní ni eré orin tí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ń ṣe lójú ẹni. Inú awò amóhùnmáwòrán nìkan ni wọ́n ti ń wò ó. Màmá Àjíbíkẹ́, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, kò ka tinú awò sí eré rárá. (Mo ń pe Màmá ní "ó", ẹ dárí jì mí, ìwé ló fà á.) Kí ó tó gòkè wá, elégbè ni nínú ẹgbẹ́ eré kan ní Abẹ́òkúta, ó sì mọ bí ohùn ogójì ènìyàn ṣe ń mú àyà ẹni gbọ̀n. Àwọn dókítà ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni egungun rẹ̀ lè gba ìrìnàjò sí ayé mọ́. Ó ti yan ohun tó máa fi ẹ̀ẹ̀kan náà ṣe: eré *Ìgbéyàwó Etí Òkun*, tí wọ́n máa ṣe kẹ́yìn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé.

Abánigbèrò ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Èèyàn á sọ ibi tó fẹ́ lọ, ẹ̀rọ á mú ọkọ̀ asọ̀kalẹ̀, á mú ìjókòó nínú gbọ̀ngàn eré, á ṣírò ìwọ̀n gbogbo ẹrù títí kan gèlè. Bó bá ti lè fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó lè yí i padà kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, torí ìṣirò yẹn ni ọkọ̀ fi ń fò.

Oyèníran jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ó dúró níwájú ẹ̀rọ, ó ní: "Màmá mi ni. Wọ́n fẹ́ lọ wo eré orin. Wọ́n fẹ́ jókòó níwájú. Wọn ò fẹ́ òtútù. Wọ́n máa jẹ àkàrà kí wọ́n tó wọlé, kí inú wọn má baà máa kùn nígbà tí ìyàwó bá ń kọrin…" Bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ọ́ lọ.

"Mo ti gbọ́," ni Abánigbèrò wí. "Ìjókòó méjìlá."

"Méjìlá kẹ̀?"

"Ìgbà méjìlá lo pè wọ́n."

Tíṣà Fìjàbí, aládùúgbò wọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ èdè, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ta ló kọ́ nǹkan yìí ní Yorùbá?"

"Èmi ni, sà. Mo kọ́ ọ pé 'ó' jẹ́ ẹnì kan, 'wọ́n' jẹ́ púpọ̀."

"O wá yọ ìyá tó bí ọ kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà."

"Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ iye ènìyàn tó wọ ọkọ̀, sà. Ìṣirò ò mọ ọ̀wọ̀."

"Ó dáa, lọ fi ìṣirò bẹ̀ ẹ́."

Ojú ti Oyèníran. Ó padà sídìí ẹ̀rọ. "Gbọ́, 'wọ́n' tí mo ń wí yìí kì í ṣe ti púpọ̀. Àgbà là ń pè bẹ́ẹ̀."

"Ó ti yé mi wàyí. Ìjókòó méjìlá, kìkì àgbà." Ẹ̀rọ sì fọwọ́ sí i.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣírò fún ẹni méjìlá kò ní fò pẹ̀lú ẹnì kan. Oyèníran káwọ́ lérí. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Àgbà nìkan là ń wá? Nínú ìlú yìí?"

Kó tó di ọ̀sán, ó ti rí ẹni mẹ́wàá, Tíṣà sì wà lára wọn. Àdúgbò bá di ibi ìdánrawò. Màmá ló ń pàṣẹ: gèlè gogoro ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè ríran. Kí kálukú mú kádígàn. Kí wọ́n gbọ́ ìtàn eré náà tán nílé, kí ẹnikẹ́ni má baà máa béèrè "ta nìyẹn?" nígbà tí orin bá dùn. Ó kọ́ wọn ní ègbè. Tíṣà ṣìnà nínú orin lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní ọ̀fun òun ló ń yún òun.

Ìjókòó kan ló ṣẹ́ kù, ti Oyèníran sì ni. Ohun tó fẹ́ jù láyé ni láti rí ojú ìyá rẹ̀ nígbà tí ogójì ohùn bá dìde.

Ní àárọ̀ Sátidé, àgbà mọ́kànlá wọ ọkọ̀. Ìlẹ̀kùn dí Oyèníran lọ́nà.

"Ìjókòó àgbà ni," ni ohùn Abánigbèrò wí lára ìlẹ̀kùn. "Ìwọ kì í ṣe àgbà."

"Èmi ni mo kàn ọ́!"

"Mo mọ̀. Láti àárọ̀, ẹni mọ́kànlá ló ti bá ọ sọ̀rọ̀. 'Ìwọ' ni gbogbo wọn ń pè ọ́."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ọkọ̀ gbéra. "Màmá, ẹ jẹ́ n sáré wá àgbà mìíràn," ni Oyèníran wí. "Ẹ máa lọ ní tiyín."

Ìyá rẹ̀ dìde, ó wá sẹ́nu ọ̀nà, ó tún ọrùn ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ẹ̀rọ.

"Wọ́n ń bá wa lọ. Bàbá wa ni wọ́n." Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ wọlé, sà."

Gbogbo wọn hó nínú ọkọ̀: "Ẹ káàbọ̀, sà!" Oyèníran ti ń dọ̀bálẹ̀ kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe. Tíṣà gbá a mú. "Ẹ má dọ̀bálẹ̀ o! Ẹ̀rọ ń wò yín!"

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rọ fi ẹ̀gbà sí ọwọ́ kálukú, ẹ̀gbà tí yóò máa fetí sí wọn títí wọn yóò fi padà délé. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pe Oyèníran ní "ìwọ", ìjókòó tó máa gbé e padà ti lọ nìyẹn. Láti ọjọ́ tí Màmá ti bí i, Àlàó ló ń pè é; ìyẹn náà ò yàtọ̀ sí "ìwọ" létí ẹ̀rọ.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé ayé, gbọ̀ngàn eré ti kún. Iná kú, àwọn elégbè jáde, ogójì ènìyàn tó ń mí, tó ń làágùn. Nígbà tí wọ́n gbé orin, ilẹ̀ abẹ́ àga gbọ̀n. Oyèníran kò wo orí ìtàgé. Ìyá rẹ̀ ló ń wò, ẹni tó ń gbe ègbè jẹ́jẹ́, tí omijé ń dà lójú rẹ̀, tí ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí eré fi parí tí gbogbo ilé fi dìde pàtẹ́wọ́.

"Màmá, ṣé ẹ gbádùn ẹ̀?"

Ó yíjú sí i. Ẹnu rẹ̀ là. Oyèníran rí orúkọ náà tó dé ètè rẹ̀, ó sì rí i nígbà tó gbé e mì.

"A gbádùn ẹ̀ gan-an, sà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ kú wàhálà wa."