Ibi tí Abẹ́rẹ́ ti Fò

"Orin kan náà láti àárọ̀! Ṣé orin mìíràn ò sí láyé mọ́ ni?"

Màmá àgbà ló ń pariwo láti ilé ìdáná.  Bàbá àgbà kàn gbé ìka sókè níbi tó jókòó sí nínú yàrá ìgbàlejò, bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ lè rí ìka náà láti ẹ̀yìn ògiri. Abẹ́rẹ́ giramafóònù kò tíì dé òpin àwo. Òfin kan ṣoṣo ló sì wà nínú yàrá yẹn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àwo kankan títí abẹ́rẹ́ yóò fi kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó yáa pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ òfin náà dunjú. Elétí ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí pé ìró tí ẹlòmíràn kò ní gbọ́, òun á ti gbọ́ ọ, á sì ti sọ ibi tó ti wá. Inú yàrá yìí ló ti kọ́ ọ. Láti ìgbà tí Bàbá àgbà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń ṣa àwo orin jọ, orin dùùrù àti ti fayolíìnì tí àwọn tó kọ ọ́ ti kú kí wọ́n tó bí bàbá tirẹ̀. Kì í ṣe kó kàn ṣà wọ́n jọ o. Á wá orin kan náà lọ́wọ́ oríṣiríṣi atẹdùùrù, á gbé wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa fi wọ́n wéra.

"Eléyìí ń kánjú bí ẹni tí oúnjẹ ń jóná lórí iná," ni yóò wí. "Eléyìí ń wọ́ ọ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ." Elétí á rẹ́rìn-ín títí.

Omi Òwúrọ̀ ni wọ́n ń pe orin tí wọ́n ń gbọ́ lọ́jọ́ náà. Nínú gbogbo àwo orin yìí, èyí tí Bàbá àgbà fẹ́ràn jù ti ha níbì kan. Bí abẹ́rẹ́ bá ti débẹ̀, fìrí, á fò, ìlà orin kan á sì sọnù. Bàbá kò jẹ́ sọ ọ́ nù láé. "Ṣé ẹ máa ń lé ọ̀rẹ́ yín dànù torí pé eyín rẹ̀ kan yọ ni?" ló máa ń bi ẹni tó bá gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ní ilé ìwé wọn, olùkọ́ orin kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ orin jọ sí gbọ̀ngàn. Ilé ẹ̀kọ́ orin ńlá kan fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ibẹ̀, ọ̀fẹ́ pátápátá, títí yóò fi ṣe tán. Ẹni tó bá fẹ́ á tẹ Omi Òwúrọ̀ lórí dùùrù níbi tó bá wù ú, á fi fóònù gbà á sílẹ̀, á sì kó o wá. Nígbà tí orin gbogbo wọn pé, olùkọ́ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń gbé orin wọn sí i láti inú ẹ̀rọ kékeré kan, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn.

"Etí ni kẹ́ ẹ fi yàn," ló wí. "Ẹ má fi ojú yàn."

Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè fún ẹnì kan. Ọwọ́ Elétí pàápàá lọ sókè kó tó rántí pé tòun kọ́ ni.

"Adákẹ́ nìyẹn," ni olùkọ́ wí tẹ̀rín tẹ̀rín. "Elétí ló ṣe ìkejì."

Adákẹ́ kẹ̀? Ọmọ aránṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí kíláàsì wọn, tí kì í lanu àfi tí wọ́n bá pè é? Kò sí dùùrù nílé wọn. Kò ní olùkọ́ kankan. Ká má parọ́, ó dun Elétí wọnú eegun. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ní àárín orin Adákẹ́, ìlà kan sọnù, ibi tí abẹ́rẹ́ Bàbá àgbà ti máa ń fò gan-an.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú: àbí orin inú àwo Bàbá àgbà ló gbà sílẹ̀ tó ń pè ní tirẹ̀? Ó wá ń ṣọ́ Adákẹ́ bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò wàrà lórí iná. Ó rí i tó ń ti gbọ̀ngàn jáde nígbà tí àwọn yòókù ti ń lọ sílé, tó di àpò rẹ̀ mọ́ àyà. Ó rí i ní ìsinmi ọ̀sán, ohun ìgbọ́rin wà létí rẹ̀, ìka rẹ̀ ń jó lórí tábìlì. Bí Elétí ṣe sún mọ́ ọn báyìí, ó yára yọ ọ́.

"Ta ló kọ́ ẹ ní dùùrù?" Elétí bi í.

"Kò sẹ́ni."

"Kò sẹ́ni bíi ti báwo?"

Adákẹ́ wò ó, ó gbé ejìká sókè, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Elétí mi orí. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́, ṣé bó ṣe ń dáhùn nìyẹn? Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti dá ẹjọ́ tán.

Ó gba orin Adákẹ́ sórí fóònù tirẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́, ó ní òun fẹ́ fi kọ́ ẹ̀kọ́. Nígbà tí Bàbá àgbà àti Màmá àgbà jáde, ó gbé àwo tó ha náà jáde nínú àpò tí wọ́n fi aṣọ rán fún un, ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ó gbọ́ àwo, ó gbọ́ fóònù. Bí ẹni inú àwo ṣe ń fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó bọ́ sí ìlà tó gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni ti fóònù. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti fò, ibẹ̀ ni ti fóònù fò. Elétí pàtẹ́wọ́. "Ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́! Olè lọmọ yìí."

Ó fi ohun ìgbọ́rin sétí, ó tún gbé ti fóònù sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kó lè jẹ adùn ìṣẹ́gun rẹ̀ dáadáa. Ìgbà yẹn ló gbọ́ nǹkan kan tí ẹ̀rọ kékeré olùkọ́ kò gbé jáde. Fín-ín, bí ìgbà tí eku ń ké ní ọ̀ọ́kán. Ó tún gbọ́ ọ. Fín-ín. Ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ dùùrù gbọ̀ngàn ilé ìwé wọn ló ń dún bẹ́ẹ̀. Òun náà ti tẹ̀ ẹ́ títí, kò lè ṣì í mọ̀. Kò sì sí irú ìró bẹ́ẹ̀ nínú àwo Bàbá àgbà.

Elétí yọ ohun ìgbọ́rin létí. Ó jókòó gbagidi. Bí kì í bá ṣe àwo ló jí, báwo ló ṣe wá fo ìlà kan náà? Kò yé e. Ohun tó yé e ni pé bí òun bá mẹ́nu ba ìró yẹn, ọ̀rọ̀ òun á dojú rú, Adákẹ́ á sì gba ipò náà lọ. Ó ronú, ó ronú, ó wá gé orin inú fóònù náà. Apá ibi tí fífò wà, níbi tí ìró náà kò sí, ló fi sílẹ̀. Ó pa èyí tó kù rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe Rédíò sí kọ̀rọ̀. Ọmọ kíláàsì wọn ni Rédíò, ohun tó bá gba etí rẹ̀ wọlé kì í sùn níbẹ̀. Ó gbé orin àwo tó ti fi fóònù gbà sílẹ̀ àti orin Adákẹ́ sí i létí, méjèèjì.

"Ọ̀kan náà ni!" Rédíò fò sókè. "Ṣùgbọ́n ti àwo ń hó ṣàà, tiẹ̀ ò hó."

"Ṣé kò lè fi kọ̀ǹpútà fọ ìyẹn kúrò ni?"

"Hẹ̀ẹ̀! Jìbìtì ńlá!" Rédíò ti lọ.

Kó tó di pé wọ́n pàdé ní gbọ̀ngàn, kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́. Olùkọ́ gbọ́ apá méjèèjì tí Elétí mú wá, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Adákẹ́, ìlà kan ò sí nínú orin rẹ. Ó jẹ́ báwo?"

"Bí orin náà ṣe rí nìyẹn, Tíṣà."

Ẹ̀rín bú jáde. Omi kún Adákẹ́ lójú, kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń fi òun rẹ́rìn-ín.

"Níbo lo ti gbọ́ ọ?"

"Nínú kásẹ́ẹ̀tì ìyá mi."

"Ó ti jẹ́wọ́!" ni Rédíò kígbe. "Ó ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́!"

Olùkọ́ ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní kí Adákẹ́ lọ tẹ orin náà kí gbogbo wọn gbọ́. Ọmọ náà jókòó ti dùùrù, ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ẹ̀rín lábẹ́lẹ̀. Ó tẹ ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣì í. Ó tún un tẹ̀, ó tún ṣì í. Ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀, ó sì jáde. Orin Elétí ni olùkọ́ fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ayọ̀ tó yẹ kí Elétí yọ̀, kò rí i yọ̀. Bó ṣe sọ ọ́ fún Bàbá àgbà pé wọ́n ti yan òun, bàbá dì mọ́ ọn, ó ní kó sọ bó ṣe jẹ́. Ó sọ ọ́. Nígbà tó dé ibi kásẹ́ẹ̀tì, Bàbá àgbà jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Aránṣọ ni ìyá ọmọ náà, àbí? Ògbóńtarìgì obìnrin kan tó máa ń tiro díẹ̀ bó bá ń rìn? Òun ló bá mi rán gbogbo àpò aṣọ tí mo ń kó àwo sí. Ó fẹ́ràn Omi Òwúrọ̀ débi pé mo gbà á láti orí àwo tó ha yìí sínú kásẹ́ẹ̀tì fún un. Ó ní òun á máa gbọ́ ọ bí òun ṣe ń rán aṣọ."

Elétí bojú wo àwọn àpò náà.

"Ọmọ tó gbọ́ ọ láti kékeré," ni Bàbá àgbà ń bá ọ̀rọ̀ lọ jẹ́jẹ́, "tí kò gbọ́ òmíràn rí, bí abẹ́rẹ́ bá fò, òun náà á fò. Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Gbé e wá kí n gbọ́."

Elétí gbé fóònù fún un. Bàbá àgbà gbọ́ ọ tán, ó tún un gbọ́, ó wá tẹjú mọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Elétí kò rí irú ojú yẹn rí lára rẹ̀. Ojú ẹni tí ara ń fu ni.

"Kí ló dé tó fi bẹ̀rẹ̀ láti àárín?"

"Bàbá, ẹ..."

"Mo ní kí ló dé tó fi bẹ̀rẹ̀ láti àárín? Nínú yàrá yìí lo dàgbà sí. Kí ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tí o kò fẹ́ ká gbọ́?"

Ẹkún ni Elétí fi dá a lóhùn. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ìró abẹ́ dùùrù. Bàbá àgbà kò bá a wí, kò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó pa ẹ̀rọ, ó sì lọ jókòó sí ìta.

Lówùúrọ̀, kí aago ilé ìwé tó lù, Elétí ti wà ní ẹnu ọ̀nà olùkọ́. Olùkọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó gbé orin tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ sí i látìbẹ̀rẹ̀, ó fi ohun ìgbọ́rin sétí. Fín-ín. Ó di orí mú. Ojú ẹsẹ̀ ló pe ilé ẹ̀kọ́ orin lórí fóònù, ó ń ṣàlàyé, ó ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti parí gbígbà. Àwọn kò lè fi ẹnì kan rọ́pò ẹnì kejì. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ orin Elétí kúrò, kí wọ́n yọ ọ́. Kí ẹlòmíràn dúró di ọdún tó ń bọ̀.

"Ẹ yọ ọ́," ni Elétí wí.

Níwájú gbogbo ẹgbẹ́ orin ló ti sọ ohun tó ṣe.  Olùkọ́ bẹ Adákẹ́ níṣojú wọn, nítorí òun náà kò gbọ́ orin náà dáadáa kó tó gbàgbọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, Bàbá àgbà ránṣẹ́ pe Adákẹ́ wá gbọ́ Omi Òwúrọ̀ lórí àwo tí kò ha. Nígbà tí ìlà tó sọnù dé, ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu. Kò gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀. Ó jókòó títí abẹ́rẹ́ fi kúrò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ó sì kọjú sí Elétí.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín yẹn, ṣé o mọ̀ pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́?"

"Mo mọ̀."

Adákẹ́ mi orí. Ó kí Bàbá àgbà pé ó dàbọ̀, ó sì jáde. Elétí bá a dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n Adákẹ́ kò wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ ń ka èyí, kí ara fu èèyàn kò burú. Ó lè ṣe gbogbo wa. Ṣùgbọ́n bí o bá ti rí ohun tó lè dá ẹni tí ò ń fura sí láre, tí o gbé e pa mọ́ nítorí àǹfààní tìrẹ, o ti kúrò lẹ́ni tó ń wádìí òtítọ́. Ìwọ gan-an lo wá di olè tí ò ń wá.