Ọbẹ̀ Bangá Inú Ọ̀rá

Ọjọ́ kan péré ni ìròyìn náà fi pẹ́, àmọ́ ọjọ́ kan yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Adégbóyè, dírẹ́bà iléeṣẹ́ epo tí Ọlátẹ́jú, olólùfẹ́ Rodiyat, ti ń ṣiṣẹ́, ló mú un wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn Rodiyat ní Ugbuwangue, ní Warri, ó ń làágùn bí ẹni tó sáré láti Sápẹlẹ.

"Sìsí Rodi, ọ̀gá Tẹ́jú ní kí n sọ fún yín pé wọ́n ń kó àwọn lọ sí Èkó. Wọ́n ní kí ẹ̀yin náà tètè kúrò ládùúgbò yìí. Wàhálà ń bọ̀."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń lọ?"

Adégbóyè wolẹ̀. "Wọ́n ti lọ. Àná ni. Ìdí hẹlikọ́pítà ni wọ́n wà tí wọ́n fi rán mi. Àwọn ṣọ́jà ti dí ọ̀nà, mi ò ríbi gbà títí di òwúrọ̀ yìí."

Kò tíì dákẹ́ tán tí ìbọn fi dún létí omi.

Wọn ò ráyè di ẹrù. Bàbá rẹ̀, Àdìgún, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ń wá bàtà kiri yàrá. Ìyá rẹ̀, Sìdíkàt, gbé Kùránì. Rodiyat sì kó sí kíṣìnì, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń lẹ ọ̀rá oúnjẹ lérí.

"Rodiyat! Ẹ̀rọ? Ṣé orí ẹ pé? Ìbọn ń dún, ẹ̀rọ lò ń gbé?"

"Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ìlú Orhuwhorun, lọ́dọ̀ Sàlíhátù, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀ ni ẹnì kan ti wá sọ fún wọn pé ilé wọn ti jóná, òun àti gbogbo ilé tó wà ní òpópónà náà. Àdìgún kàn bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń wò ó.

Rodiyat jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ọbẹ̀ bangá, ọbẹ̀ ẹyìn àwọn ará Warri, ló ń rò.

Ọjà ńlá Warri lòun àti Ọlátẹ́jú ti pàdé. Ẹnjiníà ni, Èkó ni wọ́n ti gbé e wá. Ọjọ́ náà, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì gidi ná ẹja gbígbẹ, ìyá ẹlẹ́ja sì ti rí i pé àlejò ni, ó ń gbówó lé e bó ṣe wù ú. Àánú rẹ̀ ṣe Rodiyat.

"Mama, abeg, na my broder be dis. No kill am."

Ó wá fi Yorùbá sọ fún ọkùnrin náà pé kó má sanwó yẹn. Ọkùnrin náà yíjú padà. "Ẹ gbọ́ Yorùbá?"

"Warri ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá."

"Kí ni kí n wá máa pè yín?"

"Ẹ máa pè mí ní olùgbàlà yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹja fi fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Orí omi ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, nínú ilé onígi kan tó léfòó láàárín igbó ẹ̀gbà, igi tó ń hù nínú omi. Oúnjẹ kì í pẹ́ bàjẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, ẹ̀bùn tó rà bọ̀ fún Rodiyat ni ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá jáde, tó sì ń lẹ ẹnu ọ̀rá náà pa.

Sìdíkàt pòṣé. "Ẹ̀rọ? Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń ra góòlù. Ọmọ Èkó yìí ò mà mọ obìnrin í tọ́jú o."

Àmọ́ Rodiyat fẹ́ràn ẹ̀rọ náà. Á kó ẹja sínú ọ̀rá, á ti ẹnu ọ̀rá bọ̀ ọ́, á tẹ ìdérí mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ á máa kùn, ọ̀rá á máa sún kì, títí á fi lẹ̀ mọ́ ẹja pinpin, téèyàn á lè fojú ka egungun rẹ̀.

"Wo bí mo ṣe fẹ́ máa dì mọ́ ẹ nìyẹn, Rodi mi," ni Ọlátẹ́jú wí.

"Kí n má lè mí mọ́?"

"Èmi ni máa máa bá ẹ mí."

Inú Rodiyat dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé kò lè sùn.

Nǹkan gbígbẹ nìkan ló máa ń dì fún un: ẹja tó gbẹ dénú, edé, gàrí, ẹran díndín tó ti gbẹ táútáú. Kò sí fírísà fún oúnjẹ lórí omi, nǹkan tó bá sì lómi nínú á bàjẹ́ nínú ọ̀rá náà, kódà bí afẹ́fẹ́ ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi yà á lẹ́nu nígbà tí Ọlátẹ́jú wá, ní ọjọ́ díẹ̀ kí ìbọn tó dún, tó ní ọbẹ̀ bangá lòun fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì gbagidi kí wọ́n tó lè fi ẹ̀rọ lẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ á fa epo mu. Bó bá sì ti dì, inú fírísà ló gbọ́dọ̀ máa wà.

"Ẹ ti ní fírísà lórí omi?"

"Wọ́n gbé tuntun wá," ni Ọlátẹ́jú wí. Ọ̀rá ló ń wò, kò wo ojú rẹ̀.

Rodiyat rò pé wọ́n ti gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ó gún ẹyìn tayọ̀tayọ̀, ó ń kọrin.

Ní Orhuwhorun lọ̀rọ̀ náà tó yé e. Kò sí fírísà tuntun kankan lórí omi. Inú fírísà ìyá Ọlátẹ́jú ní Sùúrùlérè, ní Èkó, ni ọbẹ̀ náà ń lọ.

"Màámi, ó mọ̀," ó wí. "Kó tó ní kí n se ọbẹ̀ yẹn ló ti mọ̀ pé wọ́n ń lọ."

Ìbínú ru bò ó.

Nígbà tí ìlú tòrò, Ọlátẹ́jú wá wọn kàn. Ó bá Rodiyat lẹ́yìn ilé Sàlíhátù, níbi tó ti ń fi iná jẹnẹrétọ̀ lẹ ọ̀rá ẹja fún títà.

"Olólùfẹ́ mi! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

Kò dìde. "Ẹ káàbọ̀, ẹnjiníà."

"Ìbínú nìyẹn. Mo mọ̀. Àmọ́ gbọ́ ìròyìn ayọ̀: ìyá mi tó ní mi ò gbọ́dọ̀ fẹ́ Mùsùlùmí ti gbà! Kò rí tìẹ̀sìn sọ mọ́. Ó ní ẹni tó se bangá yẹn gbọ́dọ̀ di ìyàwó ilé òun."

"Ìgbà wo lẹ jẹ ẹ́?"

"Lọ́jọ́ kejì tá a dé."

"Ọjọ́ yẹn nilé wa jó."

Ọlátẹ́jú ní, "Iléeṣẹ́ ní ẹni tó bá sọ ọ́ síta pé à ń lọ, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò sì rò pé á tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣáà ránṣẹ́, Rodi."

"Ìgbà tẹ́sẹ̀ ẹ ti wà nínú hẹlikọ́pítà lo ránṣẹ́! O dúró ní kíṣìnì mi, ò ń wò mí bí mo ṣe ń gún ẹyìn. O rántí ikùn ẹ. Ọ̀rọ̀ kan péré, Tẹ́jú. 'Ẹ sá.' Ṣé ìyẹn ò gba ẹnu ẹ ni?"

Sìdíkàt ti dé lẹ́yìn wọn. "Rodiyat, rọra. A ò nílé mọ́. Ọkùnrin yìí padà wá. Ṣebí o rí àwọn tí ò padà."

"Ẹ fi í sílẹ̀," Àdìgún wí láti ẹnu ọ̀nà. "Òun ló máa bá a gbé, kì í ṣe ẹ̀yin."

Ọlátẹ́jú kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. "Màá kọ́lé míì fún wọn. Máa bá mi lọ sí Èkó. Jọ̀ọ́, ayọ̀ mi."

Rodiyat wo ojú tó ti ń lá lálàá láti ọjọ́ ọjà yẹn. Ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí i nínú jù.

"Tẹ́jú, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, mi ò ní purọ́. Àmọ́ bí nǹkan míì bá tún ń bọ̀, mi ò mọ̀ bóyá wàá sọ fún mi. Mi ò ní fẹ́ ẹ. Mi ò ní bá ẹ lọ sí Èkó. Má dúró dè mí."