Ọbẹ̀ Tí Kò Níyọ̀

Ẹja yíyan ló gbé Rọ̀kíbátù dé ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Fọlábí ní Ṣómólú. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun tẹ bébà tí òun yóò máa lẹ̀ mọ́ ara ọ̀rá ẹja tí òun ń tà. Fọlábí yọjú wo inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, àǹtí. Mi ò lè tẹ orúkọ ohun tí mi ò tíì tọ́ wò."

"Bùọ̀dá, ìwé lẹ̀ ń tẹ̀ níbí ni, àbí ẹja ẹlẹ́ja lẹ̀ ń jẹ?"

"Méjèèjì ni."

Ó jẹ ẹja náà tegungun-tegungun. Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ kan kì í lọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan etí ọ̀sà ní Bàrígà, níbi tí Rọ̀kíbátù ti ń yan ẹja. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á rántí èéfín yẹn. Ó máa ń bá èèyàn délé nínú aṣọ. Ìfẹ́ àwọn méjèèjì rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Fọlábí kò fẹ́ gbọ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n nílé tiwọn, ọmọ Mùsùlùmí ni Rọ̀kíbátù. "Ta ló mọ ohun tó fún ọmọ mi jẹ?" ni ìyá máa ń wí. Nígbà tí àìsàn kíndìnrín wá dá Fọlábí dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀sùn.

Ọsibítù ṣe é títí, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, kí iyọ̀ má sì kan ẹnu rẹ̀. Oúnjẹ ò wù ú mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè: ọbẹ̀ ata Rọ̀kí.

Rọ̀kíbátù á ra ọ̀bọ̀kún tó ṣì ń jà lọ́wọ́ apẹja, á fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ mọ́, á gún àrìdan àti ata díẹ̀, á já efinrin lé e lórí kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Á gbé kúlà wọ kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìyá Fọlábí ní Ọbaníkòró.

Ìyá á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Tọ́ ọ wò kí n rí i."

Á bu ṣíbí kan mu.

"Bu ti ìsàlẹ̀." Á bu ti ìsàlẹ̀. "Jẹ nínú orí ẹja yẹn."

"Màmá, bó bá rí báyìí, èmi ni mo máa sanra nílé yìí o."

Fọlábí á rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí ẹ̀rín yẹn ni Rọ̀kíbátù ṣe ń fara dà á. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ohun kan ló ń fẹ́: kí ìyá pe òun ní ìyàwó, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí Fọlábí sì gbọ́ ọ.

"Rọ̀kí mi," ni Fọlábí wí, "bí mo bá dìde, ilé yín ni mo kọ́kọ́ ń lọ."

"Dìde ná."

Àwọn méjèèjì mọ̀ pé kò ní í dìde.

Ó di ọjọ́ kan, ọbẹ̀ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mọ́. Rọ̀kíbátù ki òwú bọ omi ọbẹ̀, ó fi pa á létè.

"Ó dùn."

"O ò tíì gbé e mì, olólùfẹ́ mi."

"Òórùn ẹ̀ ti tó mi." Ó wo ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ tọ́ ọ wò."

Ìyá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ilẹ̀ mọ́, Fọlábí kò jí.

Òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé òkú lọ, ìyá nìkan ló ṣẹ́kù sílé. Rọ̀kíbátù kì í ṣe ìyàwó, kì í ṣe ẹbí. Kò sẹ́ni tó pè é sínú ọkọ̀. Ó padà sí Bàrígà, ó dáná. Kò mọ ohun mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe.

Ìgbà tó gbé ọbẹ̀ dé Ọbaníkòró, ìyá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá Fọlábí, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Rọ̀kíbátù kúnlẹ̀, ó ṣí kúlà, ó bu ṣíbí kan lọ sẹ́nu ara rẹ̀ bó ti máa ń ṣe.

Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má tọ́ ọ wò mọ́."

Ó gba ṣíbí náà, ó mu ún.

"Kò níyọ̀."

"Yéè! Ẹ má bínú, mà. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀ sí i."

"Fi sílẹ̀. Báyìí ló ṣe ń mu ún?"

"Báyìí ni, mà."

Ìyá tún bu òmíràn, ó tún bu òmíràn.

"Jókòó tì mí," ló wí, "ìyàwó mi."

Rọ̀kíbátù yára yíjú sí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì kúrò.