Ìbò Tí Mùnírátù Kò Dì

Ìbéèrè ló kọ́kọ́ da Mùnírátù àti Malachi pọ̀, ìbéèrè náà kò sì dùn létí Malachi rárá.

Lọ́jọ́ náà, Mùnírátù ti Igbó-Ọrà gun ọ̀kadà lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Tápà. Òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àwọn tó bá fẹ́ wọ Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ Aṣèrànwọ́ wò, ìyẹn ìdàpọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tìjọba ní gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá. Ẹgbẹ́ mọ́kànlélógún ló wà nínú rẹ̀, ìbò kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan; Mùnírátù ló ń ṣojú ọ̀kan nínú wọn. Malachi, ọmọ tíṣà kan ní Ẹ̀rúwà, ń bẹ̀bẹ̀ pé kí tòun náà wọlé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó ń fi ọ̀kadà gbé àwọn aboyún láti oko lọ sí ilé ìwòsàn.

"Ta ni alága yín?" Mùnírátù bi í.

"Èmi ni."

"Akọ̀wé ńkọ́?"

Malachi rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ni, àǹtí."

"Ìgbà wo lẹ ṣèpàdé gbẹ̀yìn?"

"Ẹ gbọ́ ná. Obìnrin tó ń rọbí kì í dúró de ìpàdé."

Mùnírátù pa ìwé rẹ̀ dé. "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dá yín dùbúlẹ̀ lọ́la, ta ni yóò gbé wọn? Èyí kì í ṣe ẹgbẹ́, bùrọ̀dá. Ẹ̀yin nìkan ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Malachi wọra. Kò tilẹ̀ sìn ín dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó yọ sí ọ́fíìsì Àpapọ̀ ní Igbó-Ọrà, ó mú ìwé àjákọ kan dání.

"Mo ti ro ohun tí ẹ sọ. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀ ṣe di tiwọn. Mùnírátù kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé òfin, bí wọ́n ṣe ń yan olórí, àti bí olórí ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá pé. Nígbà tó yá, "ẹ" di "o" lẹ́nu àwọn méjèèjì. Malachi a máa gbé ọsàn wá láti oko, a ní, "Mùní tèmi, jẹ nǹkan kó o tó kọ̀wé." Mùnírátù náà bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níwájú dígí ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Ó wá di ọjọ́ tí àwọn ọlọ́kadà àti àwọn obìnrin abúlé péjọ láti dìbò. Agbẹ̀bí kan, Keturah, ni wọ́n yàn ní alága. Wọn ò fi Malachi sípò kankan.

"Ẹgbẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi dá sílẹ̀!" ó wí fún Mùnírátù.

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo sùn fọnfọn. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Mùnírátù mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Kò sọ fún un. Malachi náà kò sì sọ nǹkan kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há nìyí. Òfin Àpapọ̀ sọ pé bí ohunkóhun bá so aṣojú kan pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó fẹ́ wọlé, ìbáà ṣe ẹbí, òwò tàbí ìfẹ́, kó sọ ọ́ lójú gbogbo ìpàdé, kó sì jáde kí wọ́n tó dìbò. Mùnírátù fúnra rẹ̀ ló kọ òfin náà sílẹ̀. Àǹtí Hàlímọ̀, àbúrò bàbá rẹ̀, sì ń ṣojú ẹgbẹ́ àwọn opó nínú Àpapọ̀ náà. Bàbá rẹ̀, Alhaji Búrẹ́mọ̀, ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé ọmọ òun kankan kò ní fẹ́ ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ni Malachi.

Bí ó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Malachi pàápàá kò mọ̀.

Ní Ẹ̀rúwà ni wọ́n ti ṣèpàdé. Màmá Rebecca, alága Àpapọ̀, béèrè bí wọ́n ṣe máa ń béèrè: "Ǹjẹ́ ohun kan so ẹnikẹ́ni nínú wa pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ yìí?"

Mùnírátù dìde.

"Èmi ni, mà."

"Kí ló so yín pọ̀? Ẹbí ni?"

"Rárá, mà. Mo fẹ́ràn ọ̀kan nínú wọn."

Àǹtí Hàlímọ̀ yí ọrùn, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé òun náà mọ̀?" Màmá Rebecca rọra bi í.

"Kò tíì mọ̀, mà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn pòṣé. Mùnírátù gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Malachi àti Keturah ń dúró lábẹ́ igi níta. Malachi sáré pàdé rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti dìbò ni?"

"Wọn ò tíì dì í. Èmi ni mo ní láti jáde."

"Kí ló dé?"

Ó wolẹ̀. "Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ràn rẹ. Òfin ló ní kí n sọ ọ́."

"Òfin nìkan ni?"

"Ọkàn mi náà ni."

Malachi mí kanlẹ̀. "Ọkàn tèmi ti sọ tiẹ̀ tipẹ́, Mùní. Ẹ̀rù bàbá rẹ ló ń bà mí."

Kò tíì gbẹ́nu kúrò níbẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Ìbò mẹ́tàlá ni ẹgbẹ́ Malachi rí. Mẹ́rìnlá ni òfin ń fẹ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ẹgbẹ́, ìbáà jẹ́ pé aṣojú wọn jókòó tàbí ó jáde. Ká ní Mùnírátù dákẹ́, tó sì dìbò tirẹ̀ ni, wọn ì bá ti wọlé. Ní báyìí, ó di ẹ̀yìn ọdún kan kí wọ́n tó lè tún bẹ̀bẹ̀.

Keturah bú sẹ́kún.

"Dárí jì mí," Mùnírátù wí.

Malachi gbé Keturah sẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá Mùnírátù pè é. Kò pariwo. "Ṣé inú ìpàdé ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé mi?"

Mùnírátù kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá."

"Ọkùnrin náà dà?"

"Mi ò mọ̀ bóyá ó tún ń bọ̀, bàbá."

Ọjọ́bọ̀ kọjá, Malachi kò wá. Mùnírátù kò lè jẹun, bẹ́ẹ̀ ni kò sì kábàámọ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn ún jù.

Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Alhaji Búrẹ́mọ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bá ọkùnrin kan níwájú ilé. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ìwọ ni ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé wọ́n gbà yín wọlé?"

"Wọn ò gbà wá, sà. Ìbò kan ló kù."

"Ìbò ta ni?"

Malachi gbójú sókè. "Ti Mùnírátù ni, sà."

Alhaji ń ka tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó ṣe ọ́ báyìí, o sì tún wá?"

"Bàbá, inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà mo bi ara mi pé ta ni mo lè fi ilé mi lé lọ́wọ́, bí kì í bá ṣe ẹni tó ń sọ òtítọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lè mú un?"

Alhaji fi tẹ̀sùbáà náà sápò. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣì wà ńlẹ̀ o. Mi ò tíì gbà."

"Mo gbọ́, sà."

"Lọ pe bàbá rẹ wá. Àgbà ló ń bá àgbà sọ irú ẹ̀." Ó kọjú sínú ilé. "Mùnírátù! Bu omi wá fún àlejò wa."

Mùnírátù ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé omi dání, láti ìgbà tó ti gbọ́ ohùn Malachi.