Ẹni Tó Ń Gba Ilẹ̀kùn Karùn-ún Wọlé

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ máa kà níbí. N kò fi nǹkan kan kún un, n kò sì yọ nǹkan kan kúrò nítorí ojú ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ náà ṣì wà ní Olúyọ̀lé, ọ̀dà rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. A ò jà.

Oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni. Ọyẹ́ ti dé, ètè ti ń bó. Láwùmí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Agbowó, ni wọ́n gbà kó kọ purogíráàmù kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ọ̀hún kò ṣòro lójú. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní ẹ̀rọ tí ń ka káàdì. Àkọ́kọ́ wà ní géètì, ìkejì ni ọ́fíìsì máníjà, ìkẹta wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìkẹrin ni wọ́n ń gbà lọ síbi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ. Òṣìṣẹ́ á na káàdì rẹ̀ sí i, á dún pìì, ilẹ̀kùn á ṣí. Iṣẹ́ purogíráàmù Láwùmí ni kó kọ nọ́ńbà ẹni náà, ilẹ̀kùn tó gbà àti aago tó gbà á sójú kọ̀ǹpútà.

Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Visual Basic ló fi kọ ọ́, lórí Windows 95. Ṣùgbọ́n Visual Basic kò gbọ́ èdè ẹ̀rọ káàdì. Láíbìrì kan, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, ló gbọ́ ọ. Àwọn òyìnbó tó ṣe ẹ̀rọ náà ni wọ́n fi èdè C kọ láíbìrì ọ̀hún, wọ́n sé e pa, wọ́n fi í sínú dísíkì pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ kan, wọ́n sì kógbá sílé. Ẹ lè pè é lórúkọ, yóò dá yín lóhùn. Ẹ ò lè wo inú rẹ̀.

Visual Basic dà bí ilé tí ẹnì kan ti ń gbálẹ̀ tẹ̀ lé yín. Ẹ da omi, wọ́n á nù ún. Láíbìrì kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kó tó lè fèsì, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ la àyè òfìfo sílẹ̀, kó lè rí ibi kọ̀wé sí. Bí àyè náà bá kéré, kò ní bi yín. Á máa kọ ọ́ lọ ni, á kọ ọ́ gba orí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì dojú dé.

Ìwé pẹlẹbẹ náà ní lẹ́tà mẹ́rìndínlógún ni ìlà ilẹ̀kùn kan. Ilẹ̀kùn jẹ́ mẹ́rin. Láwùmí la àyè lẹ́tà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sílẹ̀, géérégé. Kò fi ẹyọ kan lé e.

Lójoojúmọ́, ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán, purogíráàmù náà ń kú.

Kì í kú láàárọ̀. Kì í kú nírọ̀lẹ́. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Láwùmí tún kóòdù kọ, ó tún un kọ, ó fi ìkúùkù lu tábìlì, ó bú àwọn òyìnbó náà tìyá tìbàbá.

Inú ọ́fíìsì máníjà ni kọ̀ǹpútà wà, nítorí ibẹ̀ nìkan ló ní ẹ̀rọ amúlétutù. Akínbíyì ni máníjà náà ń jẹ́. Ọkùnrin tí kì í fi "ẹ" bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ni, ì báà jẹ́ ẹni tó lè bí i.

"Madam Kọ̀ǹpútà, ó tún ti dákú? Ká wá bomi sí i lórí?"

"Ẹ fún mi láàyè díẹ̀, sà."

"Àyè wo? Ọ̀la ni ọlọ́pàá ń bọ̀ wá gba àkọsílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì mi lónìí."

Ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ náà rèé. Ọkùnrin kan wà, Ògúnlẹ́yẹ, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí táńkì sódà, omi tó ń jó ẹran ara, tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Láti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹsàn-án ni kò ti padà sílé. Ilé iṣẹ́ ní kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà rárá, obìnrin kan ló bá lọ. Sìlífátù ìyàwó rẹ̀ ní irọ́ ni, òun lòun di oúnjẹ lé e lọ́wọ́. Àwọn ẹbí ọkọ ti ń sọ pé Sìlífátù ló lé ọmọ àwọn sá. Bí ọlọ́pàá bá lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sá lọ ni, wọ́n á wá kó ọmọ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ló ṣe ń wá jókòó sórí bulọ́ọ̀kù kan lẹ́nu géètì lójoojúmọ́. Kì í pariwo. Ohun kan náà ló ń bi gbogbo ẹni tó bá ń jáde.

"Níbo ni ọkọ mi wà?"

Ó ti bi Láwùmí náà. Láwùmí ní, "Ẹ má bínú, mi ò mọ̀," ó sì yára kọjá. Láti ọjọ́ yẹn ni inú ti ń bí i sí ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí Akínbíyì lọ jẹun, Láwùmí fi ìbínú sọ àyè náà di ọgọ́rin. Kò ní ìdí kan pàtó. Àfi bí èèyàn ṣe ń ta ilẹ̀kùn tó há nípàá. Ó jókòó, ó ń wo aago.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Purogíráàmù kò kú. Ìlà márùn-ún ló jáde.

Ilẹ̀kùn 5. Nọ́ńbà 0417. 14:10. Ìwọlé.

Láwùmí ṣí ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́. 0417. Ògúnlẹ́yẹ.

Ó kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló ń fi káàdì rẹ̀ ṣeré. Ó ní kí láíbìrì fún òun ní ti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹsàn-án. Ilẹ̀kùn 5, 0417, 14:10, ìwọlé. Ọjọ́ kejì ńkọ́? Ìwọlé. Ọjọ́ kẹta? Ìwọlé. Ó béèrè títí dé àná. Ìwọlé, ìwọlé, ìwọlé. Kò sí ìjáde kankan. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Purińtà náà ń han gooro bí ẹni tí wọ́n ń fà létí.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Kàmọ́rù, bàbá tó ń ṣọ́ géètì.

"Bàbá, ilẹ̀kùn mélòó ló ní ẹ̀rọ káàdì níbí?"

"Mẹ́rin."

"Ìkarùn-ún ńkọ́?"

Bàbá wẹ̀yìn. "Wọ́n ti yọ ọ́."

"Ìgbà wo?"

"Ọmọ mi, èmi náà ní ọmọ nílé. Má fi ìbéèrè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ṣùgbọ́n ó mú un lọ. Ilé táńkì àtijọ́ ni, lẹ́yìn gbogbo ilé yòókù. Wọ́n ti fi iná jó ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ férémù. Ihò ìṣó mẹ́rin wà lára ògiri. Wáyà méjì yọrí, wọ́n ti gé e. Òórùn sódà ń ta ni nímú. Kò sí ẹyẹ níbẹ̀. Kò sí eṣinṣin. Ariwo ẹ̀rọ tí ń se ọṣẹ kò tilẹ̀ dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò jìnnà.

Ògiri náà dún.

Pìì.

Kàmọ́rù ti ń lọ. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ó ní. "Jẹ́ ká máa lọ."

Láwùmí padà sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó sì tu wáyà tó so ó mọ́ gbogbo ẹ̀rọ káàdì. Ó jù ú sílẹ̀. Ó tún pe láíbìrì. Ìlà mẹ́rin òkè di òfìfo. Ìkarùn-ún dúró gbọin-gbọin.

Ẹ̀rù bà á fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, inú rẹ̀ bí débi pé ẹ̀rù kò ráyè mọ́.

Akínbíyì wọlé, ó ń fi igi tayín.

"Sà, ẹ wá wo èyí."

Ó wò ó. Kò béèrè ohun tó jẹ́. Ibẹ̀ ni Láwùmí ti mọ̀.

"Yọ ọ́," ó ní.

"Kí ni kí n yọ?"

"Ìlà karùn-ún. Ilẹ̀kùn mẹ́rin la ní."

"Ọkùnrin yìí wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, sà."

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, kọ̀ǹpútà lo wá ṣe àbí o wá ṣe CID?"

"Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára ògiri. Ẹ jó ilẹ̀kùn pa. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oòrùn níta, ẹ̀ ń wakọ̀ kọjá lára rẹ̀ láràárọ̀!"

"Dín àyè yẹn kù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

"Ó máa kú."

"Jẹ́ kó kú! Ṣé ohun tó kú níbí ò pọ̀ ni?"

Akínbíyì fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ.

Láwùmí dìde, ó ti bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé síwájú rẹ̀. "Ẹ fọwọ́ ara yín dín in kù. Èmi ò ṣe."

Akínbíyì na ọwọ́. Ọwọ́ náà kò tíì balẹ̀ tí ojú kọ̀ǹpútà fi yí padà. Wáyà ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ wọn.

Ilẹ̀kùn 5. 0417. 15:32. Ìjáde.

Akínbíyì fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ilẹ̀kùn 4. 0417. Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ tí ń se ọṣẹ dákẹ́. Gbogbo ariwo tí wọ́n ti ń gbọ́ láti àárọ̀ láìmọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ ọ dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilẹ̀kùn 3. Pìì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn ò gbọ́ ẹsẹ̀. Òórùn sódà ló kọ́kọ́ dé, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, omi sì bọ́ lójú àwọn méjèèjì.

"Ti ilẹ̀kùn yẹn," Akínbíyì ní, jẹ́jẹ́.

Láwùmí kò mira.

Pìì.

Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Akínbíyì fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri. Ojú rẹ̀ kò sí lára Láwùmí. Ó ń wo ibi òfìfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ìwọ̀n gíga ọkùnrin.

"Ẹ jókòó, sà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jókòó."

Láwùmí mú ìwé tó tẹ̀, ó jáde. Ó fara ro ògiri kọjá, bí èèyàn ṣe ń yà fún ẹlòmíràn lójú ọ̀nà tóóró.

Ó lọ tààrà sí géètì, ó kúnlẹ̀ níwájú bulọ́ọ̀kù náà.

"Mọ̀mọ́, ẹ gba ìwé yìí. Ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ fún, ẹ má fún ẹlòmíràn."

"Ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi."

"Ó ní ọkọ yín wá síbi iṣẹ́. Ó wọlé ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sá lọ."

Sìlífátù ká ìwé náà, ó tì í sábẹ́ bùbá. Kò sunkún. Oṣù mẹ́ta ìbínú wà lójú rẹ̀, ó gbẹ bí ọyẹ́.

"Níbo ló wà?"

Láwùmí na ìka sí fèrèsé ọ́fíìsì máníjà lókè.

Sìlífátù dìde. Kàmọ́rù ṣí géètì fún un, kò sì bi í léèrè ohun kan. Sìlífátù gòkè lọ, kò ní káàdì lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ pìì, lẹ́yìn náà wọ́n tún gbọ́ pìì mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ti jáde sí àgbàlá, wọ́n dúró gbagidi nínú eruku ọyẹ́, wọ́n gbójú sókè. Ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó panu mọ́.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Sìlífátù tó jáde. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé. Òórùn sódà wà lára aṣọ rẹ̀.

Kàmọ́rù pàdé rẹ̀. "Kí ni máníjà wí?"

"Èmi ò bá máníjà sọ̀rọ̀."

"Ta wá lẹ bá sọ̀rọ̀?"

Sìlífátù wò ó bí ẹni pé kò yẹ kó béèrè.

"Ọkọ mi ni. Ó ní kí n máa lọ bá àwọn ọmọ nílé." Ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí bulọ́ọ̀kù. "Ó ní òun ò tíì ṣe tán níbẹ̀."