Ẹ̀rí Ìfẹ́ fún Ẹ́ńbásì

Ìyá Oyèbọ́lá ló ṣáájú wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Ọmọ́níyì ní Àkúrẹ́. Ọmọ rẹ̀, tíṣà jẹ́jẹ́ kan láti Oǹdó, tẹ̀ lé e, ó di fóònù mú bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò wù ú.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá wa ya ọ̀rọ̀ tí Oyèbọ́lá yìí àti ọkọ rẹ̀ ń bá ara wọn sọ lórí Wásáàpù, kí o tẹ̀ ẹ́ síwèé. Ẹ́ńbásì Kánádà ní àwọn fẹ́ rí ẹ̀rí pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn kí wọ́n tó fún un ní físà."

Ọmọ́níyì ṣí Wásáàpù náà sójú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ bọ́tìnnì tó fi ń ya ojú ẹ̀rọ, ó tún un tẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. "Ẹ káàárọ̀." "Ṣé owó wọlé?" "Ó wọlé." Kò kún ojú ìwé kan.

"Mà, eléyìí ò lè gbé yín débì kan. Ọ̀rọ̀ oníbàárà sí ọlọ́jà nìyí."

Oyèbọ́lá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Ọmọ́níyì.

Àwọn ẹbí ti parí ọ̀rọ̀ tipẹ́. Lọ́jọ́ ìdána, fọ́tò Akínsànyà ni wọ́n gbé sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, nítorí Kánádà ni ọkọ wà. Kì í ṣe èèyàn burúkú, kò kàn mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Òun ló sì ń sanwó ìtọ́jú bàbá Oyèbọ́lá, tí àìsàn kíndìnrín ń bá fínra.

"Ìwọ tó mọ kọ̀ǹpútà, bá wa dá ọgbọ́n sí i," ni ìyá wí. "Kó má ṣáà dé etí ará Oǹdó."

Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò dára, àwọn náà mọ̀. Ọmọ́níyì fi orúkọ àti fọ́tò Akínsànyà sórí nọ́ńbà rẹ̀ kejì. Òun yóò máa kọ̀wé bí ọkọ, Oyèbọ́lá yóò máa fèsì bí aya, títí ẹ̀rí yóò fi tó.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan gbagidi. "Ìyàwó mi, ṣé o sùn dáadáa?" Nígbà tó yá, Oyèbọ́lá kọ ọ́ sí i pé òun máa ń sunkún nínú mọ́tò bí òun bá ń ti ọsibítù bọ̀. Ọmọ́níyì dá a lóhùn pé, "Olólùfẹ́ mi, bí mi ò bá gbúròó rẹ láàárọ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi." Oyèbọ́lá náà fèsì pé, "Ìwọ ni mò ń rò tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ." Kò sí ẹni tó bi ẹnìkejì pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ́níyì ti fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, Oyèbọ́lá nìkan ló wá. Ọmọ́níyì ń ya ojú ẹ̀rọ, ó ń gé nọ́ńbà ara rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Oyèbọ́lá mú ìwé kan tó ṣì gbóná, ó kà á.

"Ọmọ́níyì, èwo lo fi ń ṣeré nínú èyí?"

"Kò sí."

Omi bọ́ lójú Oyèbọ́lá. "Bí o bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ. Ṣùgbọ́n wàá bá mi dé Oǹdó, wàá sọ ọ́ lójú bàbá mi."

Ọmọ́níyì ro ti bàbá náà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Bí Akínsànyà bá yọwọ́, kí ni òun máa fi dípò? Ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì, ìyókù ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

"Mo ti gbọ́," ni Oyèbọ́lá wí. Ó kó àwọn ìwé náà jọ. "Ó dàbọ̀, olólùfẹ́ mi."

Ẹ́ńbásì kò bèèrè ohun mìíràn. Wọ́n fún un ní físà, ó sì lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá dúpẹ́. Ó ní ọmọ òun ti dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, ara bàbá náà sì ti ń mókun. Ó gbé ọwọ́ lé Ọmọ́níyì lórí.

"Bí o ṣe bá wa sin ìyàwó dé ilé ọkọ yìí, Ọlọ́run yóò fún ìwọ náà ní aya tìrẹ."

Ọmọ́níyì dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Àmín, Mà."